Ibi Tí A Ó Gbà Jáde: Òwò Ìpín Ìgbà Kúkúrú àti Ẹ̀kọ́ Obajana



Ẹni tó bá kúrò ní Kabba tó forí lé Lọ́kọ́ja, orí kọ́ńkéré ni yóò máa rìn. Ọ̀nà ogójì kìlómítà ó lé díẹ̀ tó so Kabba mọ́ Obajana kì í ṣe ọlọ́dà. Ilé iṣẹ́ Dangote ló fi kọ́ńkéré ṣe é, ìjọba àpapọ̀ sì gbà kó máa yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó orí tó yẹ kó san. Níbi tí ọ̀nà náà já sí, lórí ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀, ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan wà tó lè ṣe mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 16.25 lọ́dún. Iye tí àpò sìmẹ́ńtì kan ń lọ, kò sí bíríkìlà kan ní Kabba tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n iye mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ wa kì í bèèrè: iye tí wọ́n ń ta ìpín kan nínú ilé iṣẹ́ yẹn lọ́jà ìpín ní Èkó. Láti ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2010 ni Dangote Cement ti wà lórí pátákó ọjà náà, ó sì wà lára àwọn tó wúwo jù lọ níbẹ̀. Bó bá gbéra, Atọ́ka Gbogbo Ìpín a gbéra. Bó bá ṣubú, a fa atọ́ka náà lulẹ̀, kódà lọ́jọ́ tí èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín yòókù bá jèrè.

Obajana ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn tó ń ra ìpín lónìí tí wọ́n sì fẹ́ tà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bèèrè: ìgbà wo ni kí á wọlé? Ìbéèrè tó dára ni, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Nínú ọjà ìpín tiwa, ilẹ̀kùn àbáwọlé fẹ̀, ilẹ̀kùn àbájáde tóóró. Ẹni tó fẹ́ rà ṣáà ní láti lówó lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ tà ní láti rí ẹlòmíràn tó lówó, tó sì tún fẹ́ fi owó náà ra ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń sá fún.

Ẹ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2022. Ọ̀rọ̀ owó orí, àti ọ̀rọ̀ ta ló ni ilé iṣẹ́ náà gan-an, dá gbọ́nmi-si-omi-ò-to sílẹ̀ láàárín ìjọba Ìpínlẹ̀ Kogi àti ilé iṣẹ́ Dangote. Àwọn fijilanté ya wọ Obajana, wọ́n ti ibẹ̀ pa, iṣẹ́ dúró. Ará Kabba kò nílò ìwé ìròyìn kó tó gbọ́, nítorí àwọn awakọ̀ tó ń tibẹ̀ bọ̀ ló ń ròyìn. Nínú oṣù yẹn náà, ìpín Dangote Cement já láti náírà 245 sí náírà 220.50 ní ọjọ́ ìṣòwò kan ṣoṣo.

Náírà 24.50 nínú 245, ìdá kan nínú mẹ́wàá géérégé ni. Èèṣì kọ́. Òfin ọjà ni pé ìpín kò gbọdọ̀ ròkè tàbí kó wálẹ̀ ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lójúmọ́, nítorí náà ìpín náà já dé ibi tí òfin gbà á láyè dé, ó sì dúró síbẹ̀. Ẹ wá wo ẹni tó ti fi ọkàn sọ ọ́ pé bí òun bá ti pàdánù ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, òun yóò jáde. Náírà 232.75 ni ààlà tirẹ̀. Bí ìròyìn burúkú bá ti dé kí ọjà tó ṣí, ibi tó kéré jù lọ tí òfin gbà ni àwọn olùtà máa ń tò sí láti àárọ̀. Kò ní í sí olùrà ní 240, kò ní í sí ní 232.75. Ààlà tó fi sílẹ̀ wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ọjà ti fò ó kọjá.

Nínú oṣù yẹn náà ni wọ́n tún ṣí Obajana. Nígbà tí ọdún fi parí, ìpín náà ti di náírà 261. Ẹni tó rà á ní 220.50 jèrè bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù méjì ó lé, láìka owó alágbàtà. Ẹni tó fi ìbẹ̀rù tà á ní iye yẹn kan náà wò ó títí tó fi lọ. Ó rọrùn láti pe ẹni àkọ́kọ́ ní ọlọ́gbọ́n kí á sì pe ẹnì kejì ní ojo. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì kò mọ ọjọ́ tí wọn yóò ṣí géètì. Ẹni tó dúró níwájú géètì gan-an kò mọ̀ ọ́n. Èyí yẹ kó dun àwa ará Okun, Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogi, létí díẹ̀, nítorí a máa ń rò pé nítorí pé ilé iṣẹ́ náà wà lẹ́yìnkùlé wa, a mọ ohun tí àwọn alágbàtà Èkó kò mọ̀. Ohun tí awakọ̀ bá sọ ní gáréèjì Kabba láàárọ̀, fóònù ti gbé e dé Èkó kí itọ́ ẹnu rẹ̀ tó gbẹ.

Ẹ̀kọ́ ọdún 2024 le ju èyí lọ, a ó sì pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Náírà 319.90 ni ìpín Dangote Cement fi parí ọdún 2023. Nígbà tí oṣù kìíní ọdún 2024 wọlé, ọjà gbaná. Atọ́ka Gbogbo Ìpín tó bẹ̀rẹ̀ ọdún náà ní 74,773 kọjá 100,000 ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní, ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn ọjà náà. Dangote Cement wà lára àwọn tó fà á gòkè. Ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń fò lọ́jọ́ kan, ó tún fò lọ́jọ́ kejì, títí tó fi dé náírà 763. Ohun tó jẹ́ 319.90 lọ́jọ́ ọdún tuntun ti di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ kù díẹ̀ kí oṣù kan tó pé. Ẹni tó rí i ní 400 tó ní ó ti wọ́n jù, nígbà tó rí i ní 700, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń wọlé. Wọn kò wọlé nítorí pé iye náà dára. Wọ́n wọlé nítorí pé ó ti rẹ̀ wọ́n láti máa wo èrè ẹlòmíràn.

Ẹ wo bó ṣe sọ̀ kalẹ̀. Láti 763, ó di 686.70, ó sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó di 656.70, ó tún dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tó yá, ó di 591.10. Ó di 532. Ó di 478.80, iye tó fi parí ọdún 2024.

Ẹ mú bírò. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò lára 763, 686.70 ni yóò kù. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára 656.70, 591 náírà àti kọ́bọ̀ díẹ̀ ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ìyẹn, 532 ni. Ẹ tún yọ ọ́, 478.80 gẹ́lẹ́. Àtẹ̀gùn mẹ́rin ni ìpín náà bá sọ̀ kalẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ gbogbo ohun tí òfin gbà kó já ní ọjọ́ kan. Láàárín àtẹ̀gùn kan sí èkejì, ìdákẹ́jẹ́ ni. Ẹni tó ń wo pátákó láti Kabba yóò rò pé ọkàn àwọn olówó balẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo tí kò tẹ̀lé ìṣirò yìí ni láti 686.70 sí 656.70: náírà 30 ni ìyẹn, a ó sì padà sórí rẹ̀.

Kí ló fa ìdákẹ́jẹ́ yẹn? Ọjà ìpín wa pín àwọn ìpín sí ìsọ̀rí mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí iye wọn ṣe tó. Èyí tó bá ti ju náírà 100 lọ fún ìgbà tó gùn, iye rẹ̀ lórí pátákó kò ní í yí àfi tí ó kéré tán 10,000 ìpín bá pààrọ̀ ọwọ́. Fún àwọn tó wà láàárín náírà 5 sí 100, 50,000 ni. Fún àwọn tí kò tó náírà 5, 100,000. Ní 656.70, ìpín 10,000 jẹ́ mílíọ̀nù náírà mẹ́fà àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Olùkọ́ tó ní 200 ìpín lè tà á ní iye tó rẹlẹ̀ sí ti pátákó, pátákó kò sì ní í mira. Ẹ tún fi èyí kún un pé ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìpín Dangote Cement ló wà lọ́wọ́ Aliko Dangote àti ilé iṣẹ́ rẹ̀, tí kì í ṣe ohun tí à ń ná lọ́jà. Díẹ̀ tó ṣẹ́ kù ni gbogbo ayé ń rà tí wọ́n ń tà. Nítorí náà, iye tó dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kì í ṣe ẹ̀rí pé ìpín náà lágbára. Ó lè jẹ́ pé kò sí olùrà ńlá kankan níbẹ̀, tí àwọn olùtà ńlá sì ń dúró de ara wọn.

Irú èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú oṣù kìíní ọdún 2018, òfin ni pé kò sí ìpín tó gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 50 kọ́bọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ìpín ilé iṣẹ́ adójútòfò ló jókòó sórí 50 kọ́bọ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó ní wọn ń rí 50 kọ́bọ̀ lórí ìwé, kò rí ẹni tó fẹ́ san án. Ìgbà tí òfin yí padà tí ààlà ìsàlẹ̀ di kọ́bọ̀ kan ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní wọn tó mọ iye tí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn tó.

Àwọn tó dàgbà nínú wa kò ní í gbàgbé ọdún 2008. Ní oṣù keje ọdún 2004, Charles Soludo tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ kéde pé ojú owó báńkì kan kò gbọdọ̀ dín ní bílíọ̀nù náírà 25. Bílíọ̀nù méjì ni tẹ́lẹ̀. Báńkì 89 di 25 nígbà tí ọdún 2005 fi parí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jáde wá owó lọ́dọ̀ aráàlú, ìpín ni wọ́n sì ń tà. Nígbà yẹn, ojú ẹni tí kò mọ ohun tó ń lọ ni wọ́n fi ń wo òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò ní ìpín báńkì. Àwọn báńkì náà tún ń yá ènìyàn lówó èlé láti fi ra ìpín, ìpín tí wọ́n rà náà ni wọ́n sì fi ń dúró fún gbèsè. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2008, atọ́ka dé 66,371.20, iye gbogbo ìpín tó wà lórí pátákó sì jẹ́ tírílíọ̀nù náírà 12.64. Nígbà tí ọdún yẹn parí, 31,450.78 ni atọ́ka. Kí ọdún 2009 tó rìn jìnnà, kò tó 20,000 mọ́.

Àwọn aláṣẹ ọjà ṣe ohun kan láàárín ìṣubú yẹn tó yẹ kí gbogbo oníṣòwò ìpín há sórí. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2008, wọ́n pàṣẹ pé ìpín lè ròkè ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ìdá 1 lọ. Wọ́n rò pé àwọn fi ìyẹn dá ọ̀gbàrá dúró. Ṣùgbọ́n bí olùrà bá mọ̀ pé ọ̀la yóò dínwó ju òní lọ, tí ọ̀túnla yóò sì tún dínwó ju ọ̀la, kí ló máa rà lónìí fún? Ìlà olùtà gùn, olùrà pòórá. Ẹni tí báńkì ń béèrè gbèsè lọ́wọ́ rẹ̀ wà nínú ilé tó ń jó, wọ́n sì ti ìta ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n dá a padà sí ìdá 5 fún ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2009, Sanusi Lamido Sanusi, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, yọ àwọn ọ̀gá báńkì márùn-ún nípò: Afribank, FinBank, Intercontinental, Oceanic àti Union. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ìjọba gba Afribank, Bank PHB àti Spring Bank, ìpín àwọn tó ní wọn sì di òfo. Ọdún 2023 ni atọ́ka tó padà dé ibi tó wà ní oṣù kẹta ọdún 2008. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Nígbà tó sì fi padà débẹ̀, dọ́là tó jẹ́ bíi náírà 118 ti ju 700 lọ.

Ọ̀rọ̀ owó yíyá kò yẹ kó gùn. Ẹni tó yá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ olùkọ́ láti fi ra ìpín tó fẹ́ tà lóṣù tó ń bọ̀, ó ti bọwọ́ lu ìwé fún èlé tó dájú nítorí èrè tí kò dájú. Ti àwọn tó ń ṣe ìlérí ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, bíi CBEX tó fọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, kì í tilẹ̀ ṣe òwò ìpín rárá. Òfin ìdókòwò tí Ààrẹ Tinubu bọwọ́ lù lọ́dún 2025 kan náà ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá dẹ́rù ba àwọn tó ń gbé irú rẹ̀ kalẹ̀.

Ṣé a kò wá ní sọ ìgbà tó yẹ kí ènìyàn wọlé? A ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo àwọn tó ń ra kajú ní àgbègbè wa. Ní oṣù kejì tí kajú bá bẹ̀rẹ̀ sí í já, kò sí olùrà tó gbọ́n tó ń kó gbogbo owó rẹ̀ lé àpò àkọ́kọ́ tó rí. Ó ti mọ ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti mọ iye tí onítọ̀hún ń san, ó sì mọ̀ pé bí òjò bá ti wọlé dáadáa, kajú a tutù, iye a já. Láti ibi ìtà ló ti ń ṣírò bọ̀ wá síbi ìrà. Ọ̀pọ̀ wa tó mọ èyí nínú kajú ló ń gbàgbé rẹ̀ tó bá di ìpín.

Nínú òwò ìpín, àwọn àmì kan wà tó ṣe é tẹ̀ lé. Àkọ́kọ́ ni ìgbà ìròyìn owó. Ilé iṣẹ́ tó wà lórí pátákó gbọ́dọ̀ gbé ìṣirò oṣù mẹ́ta-mẹ́ta rẹ̀ jáde láàárín 30 ọjọ́, kó sì gbé ti ọdún tí àwọn ayẹ̀wéowówò ti fọwọ́ sí jáde láàárín 90 ọjọ́. Fún àwọn tí ọdún ìṣòwò wọn ń parí ní oṣù kejìlá, oṣù kẹta ni ọjọ́ wọn pé. Ìyẹn ló fa á tí ọjà fi máa ń gbóná láti oṣù kìíní: àwọn olùrà ń wá ilé iṣẹ́ tí yóò pín èrè tó jọjú. Ẹni tó bá rà á nígbà tí ariwo èrè náà ti gba orí rédíò, owó ẹlòmíràn ló fẹ́ san.

Ibẹ̀ ni náírà 30 tí a fi sílẹ̀ lókè wọlé. Dangote Cement pín náírà 30 lórí ìpín kọ̀ọ̀kan fún ọdún 2023. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí èrè tọ́ sí kọjá, ọjà yọ náírà 30 náà kúrò lára iye ìpín: 686.70 di 656.70. Ẹni tó sáré rà á lọ́jọ́ tó kù díẹ̀, tó ní òun fẹ́ gba náírà 30 kí òun sì tà á, kò gba nǹkan kan. Ohun tí wọ́n fi sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni wọ́n yọ lọ́wọ́ òsì, ó sì tún san owó orí tí wọ́n ń yọ lára èrè náà àti owó alágbàtà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ èrè wà fún ni ẹni tó ti wọlé ṣáájú ariwo, tàbí ẹni tó fẹ́ dúró fún ọdún púpọ̀.

Àmì kejì ni èlé. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé òǹkà èlé rẹ̀ láti 18.75 lọ sí 22.75 lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọdún náà tó parí, ó ti di 27.50. Nígbà tí ìwé gbèsè ìjọba bá ń san èlé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì sí ewu nínú rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì àti àwọn olówó ńlá a máa kó owó kúrò nínú ìpín lọ síbẹ̀. Ìdàkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2020. Èlé rẹlẹ̀, owó kò rí ibi tó máa lọ, ó ya wọ ọjà ìpín. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, atọ́ka fò kọjá ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀rọ sì dá ọjà dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí gbogbo ènìyàn lè mí. Ẹni tó ń ṣòwò ìpín tí kò mọ ọjọ́ ìpàdé àwọn tó ń gbé òǹkà èlé kalẹ̀, ojú kan ló fi ń wo ọjà.

Àmì kẹta, tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbí kà sí ju méjì àkọ́kọ́ lọ, ni iye ìpín tó ń pààrọ̀ ọwọ́ lójúmọ́. Kí ènìyàn tó wo bí iye ṣe ń gòkè, kó wo mélòó ni wọ́n ń tà. Ìpín àwọn báńkì ńlá bíi Zenith, GTCO, UBA àti Access máa ń pààrọ̀ ọwọ́ ní mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù lọ́jọ́ kan, ẹni tó fẹ́ jáde níbẹ̀ kì í sábà dúró pẹ́. Bí iye bá ń gòkè tí iye tí wọ́n ń tà sì ń pọ̀ sí i, olùrà gidi wà nídìí rẹ̀. Bí iye bá ń gòkè lójoojúmọ́ lórí ìpín péréte, ẹnì kan ló ń gbé e, kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí apá rẹ̀ yóò rẹ̀.

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ìṣirò. Lílọ àti bíbọ̀ nínú ọjà wa, ìyẹn owó alágbàtà, owó àjọ SEC tó ń ṣàkóso ọjà, ti ọjà fúnra rẹ̀, ti CSCS tó ń tọ́jú ìpín, owó òǹtẹ̀ àti owó orí VAT, a máa jẹ nǹkan bíi náírà mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá rà tó sì tà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́dún, tí iye ìpín kò sì yí padà rárá, ó ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀ tó ti bá owó iṣẹ́ lọ.

Ká ní ẹnì kan ní 500,000 náírà, tó sì pinnu pé ìdókòwò kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ mú ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ, ìyẹn 10,000 náírà. Ó rí ìpín kan ní náírà 40, ó ní bó bá di 36, òun yóò tà. Ìwé tí wọ́n kọ ní New York yóò sọ fún un pé náírà mẹ́rin ni àdánù, kó pín 10,000 sí mẹ́rin, kó ra 2,500 ìpín. 100,000 náírà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjà tiwa lè fo 36 kọjá. Bí kò bá rí olùrà lọ́jọ́ tó dé 36, ọjọ́ kejì lè gbé e dé 32.40. Àdánù ti di 7.60, kí á sì fi bíi 1.40 owó lílọ àti bíbọ̀ kún un, náírà mẹ́sàn-án ni. Ẹ pín 10,000 sí mẹ́sàn-án: 1,100 ìpín ni ó yẹ kó rà, 44,000 náírà. Kò tó ìdajì ohun tí ìwé yẹn sọ. Bó bá rí èyí tó rò pé ó kéré jù, ìpín tó ń yára pààrọ̀ ọwọ́ ni kó wá lọ. Kó má ṣe fi owó kún un.

Ìdí tí àdánù fi gbọ́dọ̀ kéré ni pé òkè kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ìsàlẹ̀. Ẹni tó pàdánù ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún nílò ìdá 11 kó tó padà sí ibi tó wà. Ẹni tó pàdánù ìdá 50 nílò 100. Láti 763 sí 478.80, àdánù ìdá 37 ni, kí 478.80 tó lè padà di 763, ó gbọ́dọ̀ fò ní ìdá 59.

Àwọn tó ti fi ojú ìwádìí wo ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ òkèèrè kò fi ọ̀rọ̀ dídùn sílẹ̀ fún oníṣòwò ìgbà kúkúrú. Brad Barber àti Terrance Odean wo àkọsílẹ̀ ìdílé 66,465 ní Amẹ́ríkà láti 1991 sí 1996. Àwọn tó ń rà tó ń tà jù lọ rí ìdá 11.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, nígbà tí ọjà fúnra rẹ̀ ń san 17.9. Ní Taiwan, àwọn méjèèjì yìí àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i pé àwọn tó ń rà tó ń tà lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n sì ń jèrè lemọ́lemọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó iṣẹ́, kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọjà yẹn, ẹ má gbàgbé, ni ilẹ̀kùn àbájáde wọn fẹ̀ ju tiwa lọ fíìfíì.

Ohun méjì kan ti yí padà láìpẹ́ tó yẹ kí ẹni tó ṣì fẹ́ ṣe é fi sínú ìṣirò rẹ̀. Láti ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2025, owó ìpín tí ènìyàn tà kì í gba ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta mọ́ kó tó wọlé, ọjọ́ méjì ni. Ó ṣí ilẹ̀kùn sí i díẹ̀, nítorí owó tó wà ní ojú ọ̀nà kò lè ra nǹkan mìíràn, kò sì lè san owó ilé ìwé ọmọ. Èkejì ni òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ẹni tí iye ìpín tó tà láàárín oṣù méjìlá kò tó mílíọ̀nù náírà 150, tí èrè rẹ̀ lórí wọn kò sì ju mílíọ̀nù 10 lọ, kò ní í san owó orí lórí èrè náà. Ọ̀pọ̀ ará Kabba yóò gbọ́ 150 mílíọ̀nù, wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní kò kan àwọn. Ṣùgbọ́n iye títà ni òfin ń kà níbẹ̀, kì í ṣe ojú owó. Oníṣòwò tó ní mílíọ̀nù márùn-ún péré, tó sì ń tà á tó tún ń fi rà á lẹ́ẹ̀méjì-mẹ́ta lóṣù, yóò ti ta ìpín mílíọ̀nù 150 ní ìgbà ọgbọ̀n tó bá tà á. Kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ìwé ẹ̀rí gbogbo rírà àti títà rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú iye tí alágbàtà gbà lórí ìkọ̀ọ̀kan.